Nígbà Tí Wọ́n Ń Pè Mí Ní Ìyá Ọ̀la

Mo rántí òórùn aṣọ funfun tí omi kò tíì kàn rí. Ó dà bí òórùn ògì tó gbẹ sára àwo, ó sì máa ń kún iyàrá iwájú ilé wa débi pé bí mo bá ń jẹun, òun ni mò ń jẹ. Àwọn ọdún tí ogun ńlá òkè òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni mò ń wí, nígbà tí aṣọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìlú dáadáa, tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá sì ń pàdé nígbà gbogbo nítorí owó-orí, tí orin wọn máa ń gba ojú fèrèsé mi kọjá. Aránṣọ ni mí ní Abẹ́òkúta nígbà náà, ní ojú ọ̀nà tó wọ Ìbarà, níbi tí àwọn akọ̀wé ìjọba ti ń gba iwájú ilé wa lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, tí wọ́n há agboòrùn mọ́ abíyá. Mo ti bí ọmọ méjì: ọmọbìnrin kan tó ti ń sáré kiri, àti ọmọkùnrin kan tó ṣì wà lẹ́yìn mi. Ọkọ mi ń wa lọ́rì. Gẹdú, kòkó àti ẹ̀gẹ́ ló ń kó láti ìhà Papalanto àti àwọn abà tó yí i ká wá sí ìlú, bó bá sì ti ń sún mọ́ ilé, a máa fun fèrè lọ́rì náà lọ́nà kan tí ọmọbìnrin wa á fi mọ̀ pé bàbá òun ló ń bọ̀.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ ni mo ní. Ọkọ mi ló rà á fún mi nígbà tí mo ṣe fírídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi ní Ìtòkò, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn ọmọ ọwọ́. Mo mọ aṣọ í rán. Kì í ṣe pé mo ń yin ara mi; ojú abẹ́rẹ́ mi gún, ọrùn aṣọ mi kì í sì í ká kò. Ohun tí n kò mọ̀ ni bí a ṣe ń lo ọjọ́. Mo gbà pé ẹni tó bá ti ń làágùn ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé aṣọ wá, màá gbà á, bó bá bèèrè ọjọ́ tí yóò wá mú un, màá ní, "Ọ̀la." Màá mú aṣọ kan, màá gé e, màá rán apá rẹ̀ kan, ẹlòmíràn á dé, màá fi ti ọwọ́ mi sílẹ̀ kí n lè wá tirẹ̀ fún un, n kò ní rí i, màá sì sọ fún òun náà pé ọ̀la ni. Àwọn ọmọ àdúgbò bá sọ mí ní Ìyá Ọ̀la. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń ròyìn rẹ̀ fún ọkọ mi, màá gbé ohùn rẹ̀ sókè kó lè di Ìyá Ọlá, òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ kú ọlá o."

Nígbà tí òjò ọdún kan dáwọ́ dúró, Ìyá Ìjọ wá sílé mi. Obìnrin gíga kan ni, òun ni olórí àwọn obìnrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó sì ń ta aṣọ lọ́jà. Ẹnu rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì mi lọ. Ó ní Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ ṣáájú Kérésìmesì láti wá gbé ọwọ́ lé àwọn ọmọbìnrin ìjọ lórí, pé ìjọ sì ti ra aṣọ funfun fún gbogbo wọn, kí ọmọ olówó àti ọmọ tálákà lè rí bákan náà níwájú pẹpẹ. Ó sọ ọ́ kedere pé àwọn kan wà nínú wọn tí kò ní aṣọ mìíràn tó yẹ. Bí kò bá sí èyí, ilé ni wọn yóò jókòó sí. Ó wá wò mí lójú.

"Mo mọ̀ pé o mọ aṣọ í rán," ó ní, "ṣùgbọ́n mo tún mọ orúkọ tí wọ́n ń pè ọ́. Bíṣọ́ọ̀bù kò mọ ọ̀la o."

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màá ṣe é, Ìyá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Inú mi dùn débi pé nígbà tó lọ tán, mo jó yí ẹ̀rọ náà ká. Aṣọ náà kún apẹ̀rẹ̀ ńlá. N kò jókòó ro bí ọjọ́ tó kù ṣe tó, tàbí bí iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó. Mo kàn gé ọ̀kan, mo rán an tán pátápátá, mo gbé e kọ́ sára ògiri, mo sì ń wò ó bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ti parí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì tán tí ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan, tí òun náà ń wa lọ́rì, fi yọ sí ẹnu ọ̀nà lọ́sàn-án gangan. Ó ti ṣí fìlà. Kò kí mi kú iṣẹ́. Ohun tó sọ ni pé, "Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọmọ yẹn kalẹ̀ ná." Ẹsẹ̀ mi kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó ní lọ́rì náà dojú dé níbi kọ́nà kan lẹ́yìn Papalanto, pé ọkọ mi kò kú, ṣùgbọ́n gẹdú tó kó sẹ́yìn ti yí lé e lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ti gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Mo rántí pé mo wo abẹ́rẹ́ tó ṣì gún aṣọ lórí ẹ̀rọ, mo sì ń rò ó pé kí n kọ́kọ́ rán ìlà yẹn tán. Bí orí ènìyàn ṣe ń ṣe nìyẹn bí ìbànújẹ́ bá kọ lù ú lójijì.

Láti ọjọ́ náà ni ayé mi ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ilé ni oúnjẹ aláìsàn ti ń lọ nígbà náà, nítorí náà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo ti dáná, mo ti wẹ ọmọ, mo ti gbé abọ́ rù, mo ti ń gun òkè lọ sí ilé-ìwòsàn. Màá bá ọkọ mi tó dùbúlẹ̀ tó ń wo àjà, ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ dì á ti wú bí orí iṣu. Òórùn tó ń jáde lára ọgbẹ́ náà kò dára, àwa méjèèjì sì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Màá padà sílé nígbà tí oòrùn bá ti mú, màá bá àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ní iwájú ilé. "Ẹ kú ewu o. Ẹ kú ìyọnu. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́." Wọ́n ṣe dáadáa, n kò lè bú wọn, ẹni tó ní ènìyàn ni ènìyàn ń wá kí. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá wọlé ni mo gbọ́dọ̀ dìde fún, kí n kúnlẹ̀, kí n bu omi fún un, kí n sì tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀: kọ́nà, gẹdú, ẹsẹ̀. Àbúrò bàbá ọkọ mi kan, obìnrin àgbẹ̀ tó ń gbé Kọ́bapẹ́, ti dé pẹ̀lú ẹrù iṣu. Ó jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi gan-an, ó ní òun kò ní kúrò níbẹ̀ títí ọmọ òun yóò fi dìde. Bí mo bá ti jókòó tí mo fẹ́ tẹ ẹ̀rọ, á ní, "Ìyàwó, wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ìyá yìí."

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú. Màá rán ìlà kan, màá sáré lọ wo ọbẹ̀ lórí iná, màá padà, màá ti gbàgbé ibi tí mo dé. Mo rán apá ọ̀tún mọ́ òsì. Mo gé ọrùn aṣọ kan jù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú lé aṣọ tó ti parí, ẹnì kan kí mi lẹ́nu ọ̀nà, mo yíjú láti dá a lóhùn. Kí n tó yíjú padà, èéfín ti ń yọ, àmì áyọ́ọ̀nù ti jó mọ́ àyà aṣọ náà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ara ọmọ ẹ̀yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo gbé orí lé ẹ̀rọ, mo sunkún. Èrò kan wá sí mi lọ́kàn tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà: pé kí n pọn ọmọ kan, kí n fa èkejì lọ́wọ́, kí n sì máa lọ, kí ibi tí ẹsẹ̀ bá gbé mi dé di ilé mi. Kò sí ẹni tó ń lé mi, ṣùgbọ́n mo dà bí ẹran tí ọdẹ ká mọ́ inú ihò. Bí mo bá gbọ́ tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù, ó máa ń dà bí ẹni pé ó ń sọ fún mi pé ọjọ́ kan tún ti lọ.

Nígbà tí ara ọmọ náà balẹ̀ díẹ̀, mo ru apẹ̀rẹ̀ aṣọ náà, mo gbé e lọ bá Ìyá Ìjọ nílé rẹ̀. Ó ń jẹun lọ́wọ́. Ó wo apẹ̀rẹ̀ náà, kò sì ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ìyá, ẹ forí jì mí," mo ní. "N kò lè ṣe é mọ́. Ẹ bá mi wá ẹlòmíràn."

"Ẹlòmíràn wo? Gbogbo aránṣọ tí mo mọ̀ ní ìlú yìí ni aṣọ Kérésìmesì ti bò mọ́lẹ̀. Bí o bá sọ ọ́ kalẹ̀ síbí, ibí náà ni yóò wà títí Bíṣọ́ọ̀bù á fi dé tí á sì fi lọ."

Mo bú sẹ́kún lórí ìdúró pẹ̀lú ẹrù lórí. Kò rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó fọwọ́, ó bá mi sọ ẹrù náà kalẹ̀, ó fi mí jókòó sórí àpótí, ó ní, "Àná, láti ìgbà tí o ti jí, kí lo ṣe? Má fo ọ̀kankan."

Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Mo ní mo dáná, mo lọ sí ilé-ìwòsàn, mo dé, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ẹnì kan wọlé, mo dìde. Mo jókòó. Òwú tán, mo lọ ra òwú. Mo dé, mo jókòó, mo wá sísọ́ọ̀sì títí, mo rí i lábẹ́ aṣọ ẹlòmíràn, ni mo bá kúkú bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ ẹlòmíràn náà. Ìyàwó ilé kejì wá bá mi kẹ́dùn, mo dìde. Mo jókòó. Mo rántí pé n kò ra bọ́tìnì, mo tún padà sọ́jà. Bí mo ti ń sọ ọ́, etí ara mi ń gbọ́ ọ, ohùn mi sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ti jókòó sídìí ẹ̀rọ náà títí n kò lè ka iye ìgbà, n kò sì jókòó níbẹ̀ pẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mo dé ibi tí ilẹ̀ ti ṣú, mo dákẹ́. 

Ìyá Ìjọ ní, "Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. N kò ní kí o má sunkún. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà níbi tí tìrẹ wà, tí kò bá sunkún, kì í ṣe ènìyàn. Ṣùgbọ́n máa ríran." Ó mú aṣọ tó jó yẹn nínú apẹ̀rẹ̀, ó jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Màá wá aṣọ mìíràn dípò èyí. Ìyókù, ìwọ lo ni ín."

Mo jókòó sórí àpáta kan lẹ́bàá ọ̀nà bí mo ti ń padà bọ̀, mo sì ronú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí lọ́rì náà ti dojú dé. Èmi tí n kì í gé aṣọ láìwọ̀n ọ́n, mo ń gé ọjọ́ láìwọ̀n ọ́n. Mo wá yà á sọ́tọ̀. Gígé aṣọ ń fẹ́ ojú tó mọ́ àti ara tó tutù, nítorí náà òwúrọ̀ ló ni ín, mo sì gbọ́dọ̀ gé gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí n tó rán ọ̀kankan. Lẹ́yìn náà kí n rán gbogbo ẹ̀gbẹ́, kí n tó kan gbogbo apá, kí ọwọ́ mi má máa yí láti iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ìyẹn ni tẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ṣíṣẹ́ etí aṣọ àti kíkan bọ́tìnì, abẹ́rẹ́ ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń fẹ́. Wọ́n lè bá mi lọ sí ilé-ìwòsàn. Aṣọ àwọn ẹlòmíràn tó wà nílẹ̀, mo dá a padà fún àwọn tó ni ín, mo sọ fún wọn pé ó di ọdún tuntun. N kò sọ pé ọ̀la. Àwọn kan bú mi. Ó dùn mí, nítorí n kò mọ̀ ọ́n sọ rí pé n kò lè ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lé eku méjì yóò pòfo, èmi sì ti ń lé gbogbo eku inú igbó.

Èyí tó le jù ni ti àwọn ènìyàn. Mo gbé àga àti ìkòkò omi sí ìta lábẹ́ igi, mo ti ilẹ̀kùn iyàrá iwájú láàárọ̀, mo sì bẹ àwọn ará ilé kí wọ́n sọ fún ẹni tó bá dé pé bí agogo ilé-ìwé bá ti lù tí àwọn ọmọ jáde, èmi náà yóò jáde wá kí wọn. Mo wá kúnlẹ̀ níwájú ìyá Kọ́bapẹ́. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi gbé oúnjẹ àárọ̀ lọ fún un, kí èmi lè jókòó síbi iṣẹ́ kí oòrùn tó mú. Ọ̀sán ni èmi yóò máa lọ."

Ó wò mí bí ẹni pé mo gbá a létí.

"Èmi ni ìyàwó ń rán níṣẹ́? Ọmọ wa wà lórí àìsàn, ìwọ ń ti ilẹ̀kùn, o ń gé aṣọ!"

Ó gbé abọ́ oúnjẹ náà rù, ó sì lọ. Ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe ló ṣe, ṣùgbọ́n ìbínú ló fi ṣe é. Nígbà tí mo dé ilé-ìwòsàn lọ́sàn-án, ọkọ mi kò kọjú sí mi.

"Wọ́n ní o ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn mi," ó ní. "Bí mo bá kú, wàá ráyè ránṣọ dáadáa."

 Mo jókòó, mo mú aṣọ kan jáde, mo ṣẹ́ etí rẹ̀, omijé mi sì ń kán sórí funfun náà. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló rí bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀, mò ń gé aṣọ nínú iyàrá tí mo tì, mò ń gbọ́ ohùn àwọn tó wà lábẹ́ igi, mo sì mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń sọ. Iṣẹ́ ń lọ. Mo rí i tó ń lọ. Àwọn ègé aṣọ ń ga lórí tábìlì, apá lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀, wọ́n sì ń di aṣọ. Ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí i. Mo dà bí ẹni tó ń kọ́ ilé ní etí odò tó ń kún.

Odò náà kún nígbà tí nọ́ọ̀sì kan pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní dókítà ti sọ pé ẹsẹ̀ náà ti kú. Bí wọn kò bá tètè gé e, yóò gba ẹ̀mí ọkùnrin náà. Ọkọ mi ti gbọ́ ṣáájú mi. Ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ kí òun kú pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì. Ìyá Kọ́bapẹ́ ló bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi gbà, ó di ẹsẹ̀ kejì tó dára mú, ó ní, "Èyí tó kù yìí, tèmi ni. Fún mi."

Àárọ̀ ni wọ́n gbé e wọlé. Bíṣọ́ọ̀bù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, n kò lè fi àárọ̀ kan ṣòfò, n kò sì lè jókòó sílé. Mo gbé gbogbo aṣọ tí kò tíì ní etí sínú apẹ̀rẹ̀, mo gbé e lọ. Èmi àti ìyá náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ìta iyàrá tí wọ́n gbé e wọ̀, òun ní orí kan, èmi ní orí kejì. A kò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí mo rán an níṣẹ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo fi òwú sí abẹ́rẹ́. Òwú náà kò wọ ojú abẹ́rẹ́, mo tún un ṣe, mo tún un ṣe, ó wọlé, mo sì bẹ̀rẹ̀.

Ìyá náà wò mí títí.

"O lè ránṣọ?"

"Bí n kò bá rán an, Ìyá, màá pariwo."

 Ó súnra wá, ó gba eteetí aṣọ tó ń wọ́ nílẹ̀, ó gbé e lé itan ara rẹ̀ kó má baà dọ̀tí. Bí a ṣe wà nìyẹn. Bí mo bá ti dé òpin aṣọ kan, á ká a, á sì fa òmíràn yọ fún mi. Láti inú iyàrá náà, a gbọ́ ohùn irin tó kan irin, a kò sì wo ojú ara wa. Mi ò gbàdúrà. Ó yẹ kí n gbàdúrà, ọmọ ìjọ ni mí, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tó wà lórí mi ni pé kí ojú abẹ́rẹ́ yìí tẹ̀ lé èyí tó ṣáájú, kó má tóbi jù, kó má kéré jù.

Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí wọ́n gbé jáde kì í ṣe èyí tí wọ́n gbé wọlé. Ó kọjú sí ògiri. Oúnjẹ tí ìyá Kọ́bapẹ́ bá gbé wá láàárọ̀, èmi ni màá bá a lọ́sàn-án tó ti tutù, eṣinṣin lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá mi sọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni pé, "Awakọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀, kí ni wọ́n ń pè é?"  Mo padà sórí bọ́tìnì, nítorí bọ́tìnì ló kù, wọ́n sì pọ̀. Ẹ̀yìn aṣọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n tò sí láti ọrùn dé ìbàdí. Ìka mi ti wú. Mo rí i pé pẹ̀lú gbogbo bí mo ṣe ya ọjọ́ náà sọ́tọ̀ tó, ọjọ́ kò ní tó. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, láìpariwo, níbi tí mo jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ ni mo rí tó na jáde. Kò yíjú. Ó fa aṣọ náà lọ́wọ́ mi, ó fọwọ́ tẹ bọ́tìnì kan wò, ó ní, "Òwú yìí tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Yóò já. Ṣe é ní ìlọ́po."

Mo ti gbàgbé pé òun náà máa ń lo abẹ́rẹ́. Òun ló máa ń fi abẹ́rẹ́ ńlá rán tapólì tó fi ń bo ẹrù lọ́rì rẹ̀ bó bá ya. Mo fún un lábẹ́rẹ́. Kì í ṣe pé mo gbọ́n, tàbí pé mo fẹ́ tù ú nínú. Ọwọ́ ló wọ́n mi, bí olè bá wá na ọwọ́ jáde lọ́jọ́ náà, màá fi abẹ́rẹ́ sí i. Ó kan bọ́tìnì àkọ́kọ́ bí ẹni tó fẹ́ kí ó di ẹrù mú láti Papalanto dé Èkó. Àwọn aláìsàn tó wà nítòsí ń wò ó, ẹnì kan sì rẹ́rìn-ín sí ọkùnrin tó ń kan bọ́tìnì aṣọ ọmọbìnrin. Ó mú bọ́tìnì kejì. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún un bí mo bá ń lọ sílé, màá sì bá a tó ti parí nígbà tí mo bá padà dé. Lọ́jọ́ kan, mo bá abọ́ oúnjẹ rẹ̀ ní òfìfo.

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìsìn náà, ìyá Kọ́bapẹ́ ń fẹ́ná sí èédú, èmi ń lọ aṣọ, a sì ń tò wọ́n sórí okùn láti ògiri dé ògiri. Síbẹ̀ ó ku aṣọ kan tí apá rẹ̀ kò tíì wọlé. Ti ọmọ òrukàn kan tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ni. Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni mo rán an, èmi tí wọ́n kọ́ láti kékeré pé a kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ lọ́jọ́ Olúwa. Ìyá Ìjọ wọlé bá mi lórí rẹ̀, ó ti wọṣọ, ó ti wé gèlè. Mo dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

Ó ní, "Kí lo ń wò mí fún? Ọlọ́run ti rí ọ. Rán an."

Mo wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n tò jáde. N kò lè mọ ọmọ olówó yàtọ̀ sí ọmọ tálákà. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń dá wọn mọ̀ ni ẹ̀yìn aṣọ wọn, àwọn tí mo kan bọ́tìnì wọn àti àwọn tí ọkọ mi kàn. Lẹ́yìn náà mo sùn. Wọ́n ní mo hanrun nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù ń wàásù. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, àwọn ìyá ń wá fẹjọ́ sùn pé bọ́tìnì àwọn kan le débi pé ọmọ kò lè bọ́ra.

N kò ní purọ́ pé gbogbo nǹkan dára láti ìgbà náà. Ọkọ mi dé sílé lásìkò ọyẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá méjì lábẹ́ abíyá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán tapólì àti tìmùtìmù ìjókòó fún àwọn onílọ́rì ní iwájú ilé wa, iṣẹ́ rẹ̀ sì gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ kan wà tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Èmi di ẹni tí àwọn ènìyàn ń wá bá fún aṣọ tó ní ọjọ́, aṣọ ìgbéyàwó, aṣọ òkú, nítorí wọ́n ti mọ̀ pé bí mo bá dá ọjọ́, ó dá nìyẹn. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ a máa rò pé bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Wọn kò mọ ohun tó ná mi. Ọmọkùnrin mi kọ́kọ́ rìn ní ọ̀kan nínú àwọn àárọ̀ tí mo tilẹ̀kùn yẹn. Ọ̀dọ̀ ìyá Kọ́bapẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ìwòsàn dé ló rìn lọ, ariwo ayọ̀ wọn ni mo gbọ́ láti inú ilé, mo sì ní sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ọjọ́ tí a fún iṣẹ́, ibì kan la ti mú un. Mo mọ̀ ọ́n nígbà náà, mo tún mọ̀ ọ́n sí i báyìí tí mo ti dàgbà, tí ọjọ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi tí n kò rí ohun tí mo lè fi ṣe.

Ọkọ mi ti lọ sinmi. Ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, mo bi í ní ohun tí mo ti gbé mì fún ọ̀pọ̀ ọdún: ṣé ó dùn ún pé aṣọ ni mò ń rán nígbà tí wọ́n ń gé ẹsẹ̀ rẹ̀?  Ó ní, "Nígbà tí mo kọ́kọ́ lajú, mo rò pé mo ti kú ni. Mo wá rí ọ tí o ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ nílẹ̀, tí o ń bínú sí i. Mo ní, áà, ayé ṣì nìyí."

N kò rántí pé abẹ́rẹ́ kankan bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n n kò bá a jiyàn.